Igbá Tí Kò Jò: Bí A Ṣe Ń Yan Mémoire fún Kọ̀ǹpútà Tó Máa Jẹ́ Àká Ilé

   

Ẹ̀kọ́ ọjà ni tòní. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni, ìyẹn ordinateur, ṣùgbọ́n ẹ má torí ẹ̀ pa rédíò yín. Ẹni tó bá ní fóònù tó kún fún àwòrán ọmọ àti ohùn òbí, ọ̀rọ̀ yìí kàn án.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé wa. Bí ọdún iṣu bá dé ní Savalou, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, àwọn ọmọ á wálé láti Kútọnu, láti Pàràkú, títí kan àwọn tó wà lókè òkun. Kí ọjọ́ náà tó ṣú, fóònù ti kún. Fídíò ijó ń bẹ níbẹ̀, àwòrán ìdílé ń bẹ níbẹ̀, oríkì tí ìyá àgbà fi ki ọmọ ọmọ rẹ̀ náà ń bẹ níbẹ̀. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, fóònù á bọ́ sómi, tàbí kí àyè tán nínú rẹ̀, kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pa fídíò rẹ́ kó lè rí àyè fún òmíràn. Lọ́jọ́ tí ìyá àgbà bá wá kú, tí wọ́n wá ohùn rẹ̀, wọn ò ní rí i mọ́.

Ọ̀nà kan wà tí kò wọ́nwó púpọ̀. Èèyàn lè ra kọ̀ǹpútà àlòkù, kó so disque dur mọ́ ọn, kó gbé e sí kọ̀rọ̀ kan nínú ilé. Gbogbo fóònù ilé á máa kó àwòrán àti fídíò sínú rẹ̀ lórí Wi-Fi ilé. Bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ orin tàbí wo fíìmù, ibẹ̀ náà ni wọ́n á ti máa wò ó. Kò ní jẹ forfait íntánẹ́ẹ̀tì yín, torí pé inú ilé ni gbogbo rẹ̀ ń yí.

Ìbéèrè tó wá kù ni pé: mémoire mélòó ni ká rà sí i? Èsì wa rèé ní ṣókí. Mémoire kékeré tó bá kọ̀ǹpútà yín mu, tí ẹ ti yẹ̀ wò tí kò lábùkù, sàn ju ńlá tí ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ wò lọ. Owó tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi ra disque dur kejì. Ẹ jẹ́ ká wá tú u wò.

ÀKÁ YÀTỌ̀ SÍ IGBÁ

Ohun méjì ni àwọn èèyàn ń pè ní mémoire lọ́jà, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ronú obìnrin tó ń kó àgbàdo sínú àká. Àká ni àgbàdo máa gbé títí ọdún á fi yí po. Ṣùgbọ́n kò sí hóró kan tó máa dénú àká láìjẹ́ pé igbá ọwọ́ rẹ̀ ló bù ú. Igbá kì í tọ́jú àgbàdo. Ó ń bù ú ni, ó ń dà á, ó tún ń bu òmíràn.

Nínú kọ̀ǹpútà, disque dur ni àká. Igbá ni pátákó pẹlẹbẹ kékeré tí àwọn oníṣòwò ń pè ní barrette. Bí fídíò bá ti fóònù yín bọ̀, inú barrette ló kọ́kọ́ wọ̀, ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti ń bù ú sínú disque dur. Bí iná bá lọ lójijì, gbogbo ohun tó wà nínú barrette lákòókò yẹn ti lọ nìyẹn. Ohun tó ti wọnú disque dur ló máa kù.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, igbá ńlá kì í mú kí àká tóbi. Ẹni tí fídíò rẹ̀ ò rí àyè mọ́, disque dur ló ń wá, kì í ṣe barrette. Ìkejì, gbogbo nǹkan pátá ló ń gba inú igbá kọjá. Bí igbá bá ní àlébù, ohun tó ń wọ àká á ní àlébù. Barrette tó ti bàjẹ́ kì í sì í pariwo. Ó lè yí ẹyọ nǹkan kan padà nínú fídíò, kí kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sínú disque dur bẹ́ẹ̀, kó sọ fún yín pé iṣẹ́ ti parí. Bí ẹ bá wá da fídíò tó ti bàjẹ́ kọ sórí disque dur mìíràn, ẹ̀dà ìbàjẹ́ lẹ ní lọ́wọ́ yẹn. Ó lè tó ọdún 2 kí ẹ tó ṣí i, kí ẹ rí i pé kò ṣí mọ́.

IGBÁ TÓ TÓBI TÓ MÉLÒÓ?

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ká ní fíìmù kan gba wákàtí 2, ó mọ́lẹ̀ dáadáa, ó ń jẹ mégábíìtì 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wákàtí 2 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 7,200. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 5, ó di mégábíìtì 36,000. Mégábíìtì 8 ló ń di mégá 1, torí náà ẹ pín in sí 8: mégá 4,500, ìyẹn gígá 4 àti ààbọ̀.

Ẹnì kan á ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Fíìmù gígá 4 àti ààbọ̀, barrette gígá 4, báwo ló ṣe máa gbà á?" Kò ní láti gbà á o. Ẹni tó ń bu àgbàdo jáde kì í kó gbogbo àká sínú igbá lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń bù ú fún yín bí ẹ ṣe ń wò ó. Bí èèyàn 3 bá tilẹ̀ ń wo fíìmù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mégábíìtì 15 ló ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò tó mégá 2. Ìyẹn ò jẹ́ nǹkan kan fún barrette.

Torí náà, ẹ fi èyí sọ́kàn:

Gígá 2 lè gbé àká tó kéré, bí ẹ bá fi ètò Linux tó fúyẹ́ sí i. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ OpenMediaVault, fún irú iṣẹ́ yìí gan-an ni wọ́n ṣe é, kò sì béèrè ju gígá 1 lọ kó tó lè ṣiṣẹ́.

Gígá 4 ló tó fún ọ̀pọ̀ ilé: kí fóònù máa kó àwòrán wọlé, kí àwọn ọmọ máa wo fíìmù, kí bàbá máa gbọ́ orin.

Gígá 8 wà fún ilé tí kọ̀ǹpútà náà á tún máa ṣe iṣẹ́ mìíràn, tàbí fún ẹni tó fẹ́ lo ètò ńlá bíi TrueNAS, tó jẹ́ pé gígá 8 ni wọ́n ní kó máà dín sí.

Gígá 16 sókè? Tó bá jẹ́ torí àká ilé nìkan ni, ẹ tọ́jú owó yín.

Ẹ lè gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé gígá 1 barrette ni fún téra 1 disque dur kọ̀ọ̀kan. Òfin àtẹnudẹ́nu ni, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lo ètò ZFS níbi iṣẹ́ ńlá ló ti wá. Kò kan ilé tí èèyàn 5 ń wo fíìmù.

Nǹkan kan ṣì kù. Nígbà mìíràn, fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n ò ní mọ irú fídíò kan kà. Kọ̀ǹpútà á ní láti tún un kọ bí ẹ ṣe ń wò ó. Iṣẹ́ yẹn, processeur ló ń ṣe é, ó sì ń mú un láàágùn. Bí fíìmù yín bá ń dúró, tó ń lọ, tó tún ń dúró, ẹ wo Wi-Fi, ẹ wo processeur. Ẹni tó sáré lọ ra barrette kún un ń fi oògùn orí fífọ́ wo inú rírun ni.

IGBÁ WO LÓ BÁ KỌ̀ǸPÚTÀ YÍN MU?

Barrette kì í ṣe iṣu tí èèyàn kàn ń rà káàkiri. Ìran wọn yàtọ̀ síra. DDR3 jáde sọ́jà ní ọdún 2007, DDR4 tẹ̀ lé e ní ọdún 2014. Ọdún 2020 ni wọ́n fọwọ́ sí ìlànà DDR5. Ọ̀kan kì í wọ ilé èkejì. Gé kékeré kan wà létí barrette kọ̀ọ̀kan, ibi tí gé DDR3 wà kọ́ ni ti DDR4 wà. Bí kò bá wọlé, ẹ má fi agbára tì í. Kì í ṣe ilẹ̀kùn tó le ni, ilé onílé ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti gígùn rẹ̀. Barrette kọ̀ǹpútà orí tábìlì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 13. Ti kọ̀ǹpútà alágbèéká, èyí tí à ń gbé káàkiri, kò pé sẹ̀ǹtímítà 7. Ẹ fojú wọ̀n ọ́n, ẹ ò ní ṣì í.

Ẹ wá ka ìwé pélébé tó wà lára rẹ̀. PC3 túmọ̀ sí DDR3, PC4 túmọ̀ sí DDR4. Bí ẹ bá rí PC3L, lẹ́tà L yẹn ń sọ pé ó lè fi iná kékeré ṣiṣẹ́: fóòtì 1.35 dípò 1.5. Àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká kan wà tí kò fẹ́ ju onílẹ́tà L lọ. Lẹ́yìn nọ́mbà, lórí ọ̀pọ̀ barrette, ẹ máa rí lẹ́tà mìíràn: S jẹ́ ti alágbèéká, U jẹ́ ti orí tábìlì, R jẹ́ ti ẹ̀rọ ńláńlá iléeṣẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún R yẹn o! Ó lè pọ̀ nínú ọjà àlòkù, ó sì lè dínwó. Ẹ lè rí gígá 16 oní-R ní iye tí wọ́n ń ta gígá 8 oní-U. Inú yín á dùn títí ẹ ó fi délé. Kọ̀ǹpútà ilé ò ní dá a mọ̀, kò tilẹ̀ ní tàn. Ọjà pọ́ọ́kú tí kò wúlò fún ẹni tó rà á, ó ti di ọjà ọ̀wọ́n nìyẹn.

Kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ wo ohun tó wà nílé. Lórí Windows, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ wọ "Performance", kí ẹ wọ "Mémoire". Á fi iye gígá tó wà níbẹ̀ hàn yín, pẹ̀lú iye àyè barrette tó ti kún. Àwọn alágbèéká kan wà tí wọ́n ti jó mémoire wọn mọ́ pátákó tó wà nínú, tí kò ṣe é pààrọ̀. Bó bá jẹ́ irú ẹ̀ ni wọ́n ń tà fún yín, iye gígá tó wà níbẹ̀ lónìí náà lẹ máa lò títí lọ.

Tó bá ṣeé ṣe, ẹ gbé kọ̀ǹpútà náà dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á. Tí kò bá ṣeé gbé, ẹ tú barrette àtijọ́ jáde, ẹ fi bébà wé e, kí ẹ mú un lọ ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ YẸ ÌDÍ IGBÁ WÒ

Ní ọdún 2009, Bianca Schroeder ti Yunifásítì Toronto, pẹ̀lú Eduardo Pinheiro àti Wolf-Dietrich Weber ti Google, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ti ṣọ́ àwọn kọ̀ǹpútà Google fún bí ọdún 2 àti ààbọ̀. Wọ́n rí i pé láàárín ọdún kan, barrette tó lé ní 8 nínú 100 ló ń ṣe àṣìṣe. Wọ́n tún rí i pé ọ̀pọ̀ àṣìṣe náà ló ń wá láti ara barrette tó ti lábùkù, kì í ṣe ohun tó kàn ṣèèṣì kọjá. Ẹ gbọ́ yẹn dáadáa. Ohun tó lábùkù máa ń tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe. Ohun tó bá sì ń tún un ṣe, a lè dọdẹ rẹ̀ ká mú un.

Google ní barrette tó ń tún àṣìṣe ara rẹ̀ ṣe, wọ́n ń pè é ní ECC. Ọgbọ́n yẹn ti pẹ́. Richard Hamming, tó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ló tẹ ìlànà rẹ̀ jáde ní ọdún 1950, nígbà tó sú u pé ẹ̀rọ ń rí àṣìṣe, ó sì ń dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró ní òpin ọ̀sẹ̀ láìṣàtúnṣe. ECC dára, ṣùgbọ́n ó ní irú pátákó àti processeur tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ẹni tí apá rẹ̀ ò ká a, kó má bọkàn jẹ́. Ohun tó wà lọ́wọ́ gbogbo wa ni àyẹ̀wò.

Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Memtest86+. Ọmọ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò lè fi í sórí clé USB fún yín. Ẹ fi clé yẹn tan kọ̀ǹpútà, kí ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ mọ́jú. Á máa kọ nǹkan sínú barrette, á sì máa kà á padà wò bóyá ohun tó kọ náà ló bá. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí àṣìṣe wà lódo, ó dára. Bí àṣìṣe 1 péré bá wà, ẹ má sọ pé ẹyọ kan ni. Ẹ̀rọ tó máa tọ́jú ohùn òbí yín, ẹyọ kan ti pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ barrette 2 ló wà nínú rẹ̀, ẹ yọ ọ̀kan, kí ẹ tún àyẹ̀wò ṣe, ẹ máa mọ èyí tó bàjẹ́.

Ẹni tó ń tajà ò lè jókòó tì yín mọ́jú. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ bá a sọ ọ́ kí owó tó kúrò lọ́wọ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo máa yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́ òní. Bó bá ṣe àṣìṣe láàárín ọjọ́ 3, màá dá a padà." Kó kọ ọ́ sórí reçu. Kí ẹ̀yin méjèèjì fi báírò fa ìlà kan sára ìwé barrette náà, kó má di pé o pààrọ̀, n ò pààrọ̀. Oníṣòwò tí ọkàn rẹ̀ mọ́ ò ní kọ̀. Èyí tó bá kọ̀, ó ti dá yín lóhùn nìyẹn.

Ẹ tún mọ bí a ṣe ń mú un. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ okùn iná rẹ̀, bó bá jẹ́ alágbèéká, ẹ yọ bátìrì rẹ̀ bó bá ṣeé yọ. Ẹ fọwọ́ kan irin tó wà lára ẹ̀rọ náà kí ẹ tó fọwọ́ kan barrette, pàápàá lásìkò ọyẹ́, tí ara wa máa ń ta iná kékeré bí a bá bọ́ aṣọ. Iná kékeré yẹn lè ba barrette jẹ́ láìjẹ́ pé ẹ rí i. Etí rẹ̀ ni kí ẹ fi di í mú, ẹ má fọwọ́ kan ibi tó ń dán bíi wúrà.

BÍ INÁ BÁ LỌ

A ti sọ ọ́ pé ohun tó wà nínú igbá ń dànù bí iná bá lọ. Iná SBEE lè lọ nígbà tí fóònù 4 ń kó fídíò wọlé lọ́wọ́. Ohun tó ń gba èèyàn ni onduleur, àmọ́ owó tún ni yẹn.

Ìdí rèé tí a fi ń sọ pé fún ilé tí owó ò pọ̀, alágbèéká àlòkù dára ju ti orí tábìlì lọ. Ó gbé bátìrì tirẹ̀ wá, onduleur rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀. Kì í sì í jẹ iná púpọ̀. Bí alágbèéká bá ń jẹ wáàtì 15 tọ̀sán tòru, ní ọjọ́ 30 ó máa jẹ kilowáàtì wákàtí 10.8. Ti orí tábìlì tó ń jẹ wáàtì 60 máa jẹ 43.2. Ẹ̀yin lẹ máa san án.

Ọ̀rọ̀ ìlera wà níbí o. Bí bátìrì alágbèéká bá wú bí àkàrà, tí ìdí kọ̀ǹpútà ń gbé sókè, ẹ pa á, ẹ má fi iná sí i mọ́. Ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má jẹ́ kó wà nínú yàrá tí ọmọ ń sùn. Ó lè gbiná, èéfín rẹ̀ sì léwu púpọ̀. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ iṣẹ́ kó yọ ọ́.

OWÓ TÓ ṢẸ́KÙ

Láti ìparí ọdún 2025 ni owó barrette ti ń gun òkè káàkiri ayé. Ìdí rẹ̀ rèé. Iléeṣẹ́ 3 ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀: Samsung, SK hynix àti Micron. Àwọn tó ń kọ́ ilé ńláńlá fún ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá ló ń kó ọjà wọn tán lẹ́nu ọ̀nà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2025, Micron kéde pé òun máa dáwọ́ títa barrette Crucial fún ará ilé dúró. Torí náà, bí oníṣòwò bá sọ pé ọjà ti wọ́n, irọ́ kọ́ ló ń pa. Ṣùgbọ́n ìyẹn náà ni ìdí tí kò fi yẹ ká ra gígá 16 níbi tí gígá 4 ti tó.

Owó tó bá ṣẹ́kù, disque dur kejì ló tọ́ sí. Àká kan ṣoṣo lè jóná. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀dà kan wà nílé ní Bantè, kí ẹ̀dà kejì wà lọ́dọ̀ àbúrò yín ní Savalou. Bí ẹ bá ń lọ kí i, ẹ gbé tuntun lọ, kí ẹ gbé ti àtijọ́ bọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún clé USB olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ téra 2 sí lára. Irú rẹ̀ wà tí kò ju gígá díẹ̀ lọ nínú, tó máa gba fáìlì yín tí á sì sọ ọ́ nù. Ètò ọ̀fẹ́ bíi H2testw tàbí F3 máa tú àṣírí rẹ̀.

Ẹ má sì pa nǹkan rẹ́ lórí fóònù títí ẹ ó fi ṣí i láti inú àká, tí ẹ wò ó dé òpin.

KÍ Ẹ FI DÁN ARA YÍN WÒ

1. Fídíò ò rí àyè mọ́ nínú kọ̀ǹpútà ilé. Ṣé barrette ni kí ẹ rà ni, àbí disque dur?
2. Alágbèéká yín ń lo DDR3. Wọ́n fẹ́ ta DDR4 fún yín lówó pọ́ọ́kú, wọ́n ní ó yára jù. Kí lẹ máa sọ?
3. Memtest86+ ṣiṣẹ́ mọ́jú, ó rí àṣìṣe 1. Kí lẹ máa ṣe kí ọjọ́ 3 tó pé?
4. Ohùn ta ló wà lórí fóònù yín báyìí, tí kò sí níbòmíràn?

Ìbéèrè kẹrin yẹn, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la. Kí ẹ tó ra ohunkóhun rárá, ẹ kọ́kọ́ da ohùn yẹn kọ sórí fóònù ẹlòmíràn lálẹ́ òní. Kò ná yín ní nǹkan kan.